Òdòdó Furbish ní Bèbè Odò Saint John: Ewéko tí Odò Gbọ́dọ̀ Máa Ba Ilé Rẹ̀ Jẹ́ Kó Tó Lè Yè

Ní gbogbo ayé, odò kan ṣoṣo ni òdòdó yìí ti ń hù. Odò náà ni Saint John, tó ṣàn gba àríwá ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà kọjá, tó di ààlà láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà, kó tó wọ New Brunswick lápá Kánádà. Lórí odò yẹn náà, nǹkan bíi kìlómítà 225 ni gígùn ibi tí wọ́n ti máa ń rí i, kò sì hù tẹ̀léra tẹ̀léra níbẹ̀: ó pọ̀ níhìn-ín, kò sí rárá lọ́hùn-ún. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko ni Pedicularis furbishiae. Òdòdó Furbish la ó máa pè é.

Ní 1978 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà lẹ́nu ìparun. Ní 2023, wọ́n mú un kúrò níbẹ̀ lọ sí ipò kejì, ti àwọn ẹ̀dá tí kò tíì dé ẹnu ìparun ṣùgbọ́n tó ṣeé ṣe kí wọ́n débẹ̀ láìpẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka èyí sí ìṣẹ́gun. Àwa ò rí i bẹ́ẹ̀. Ìdí tá a fi sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú bí ewéko náà ṣe ń gbé ayé rẹ̀, èyí tí iye tí wọ́n bá kà lọ́dún kan kò lè fi hàn.

Bó ṣe sọnù tó sì tún padà di rírí

Kate Furbish, obìnrin tó dàgbà sí ìlú Brunswick ní Maine, tó sì máa ń ya àwòrán ewéko, ló rí i ní 1880 létí odò náà, ní Van Buren. Obìnrin yìí rin Maine já fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń ya àwọn òdòdó ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bowdoin College ló kó àwọn àwòrán náà fún ní 1908. Ewéko tó rí ní Van Buren kò bá èyíkéyìí tó mọ̀ mu. Sereno Watson, onímọ̀ ewéko ní Yunifásítì Harvard, ló yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló sì sọ ọ́ lórúkọ obìnrin náà ní 1882.

Nígbà tó yá, ó di àwátì. Nínú ìwé tí Smithsonian Institution, àjọ ìmọ̀ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní 1975, wọ́n ka òdòdó Furbish mọ́ àwọn ewéko tó jọ pé wọ́n ti parẹ́. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Charles Richards, onímọ̀ ewéko ní Yunifásítì Maine, bá a pàdé. Iṣẹ́ ló gbé e dé ibẹ̀: àwọn ẹnjiníà ológun, ìyẹn U.S. Army Corps of Engineers, fẹ́ mọ irú ewéko tó wà níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ dáàmù Dickey-Lincoln sí.

Dáàmù méjì ni iṣẹ́ náà, ilé aṣòfin ti fọwọ́ sí i láti 1965, ilẹ̀ tó sì máa wọ abẹ́ omi tó nǹkan bíi 88,000 éékà. Àwọn agbo òdòdó tí wọ́n kọ́kọ́ rí wà lójú ibi tí omi máa bò gan-an. Nígbà tí wọ́n wá a lọ sísàlẹ̀ odò, wọ́n tún rí òmíràn, ṣùgbọ́n àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ kò tó 1,000 ewéko. Bó ṣe wọ ìwé òfin ní 1978 nìyẹn.

Ìtàn tí aráyé ń sọ ni pé òdòdó kékeré kan ló dá dáàmù ńlá dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1973 kà á léèwọ̀ fún iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti ṣe iṣẹ́ tó máa pa ẹ̀dá tó wà nínú ìwé náà run. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí agbo mìíràn ti wà nísàlẹ̀ odò, àwọn ẹnjiníà ṣì lè dá a lábàá pé àwọn á ra ilẹ̀ ibẹ̀, àwọn á sì gbìyànjú láti gbìn ín síbòmíràn. Owó tí iṣẹ́ náà máa ná wọn, àti àtakò àwọn tí kò fẹ́ kí igbó àti odò náà wọ abẹ́ omi, ló jẹ́ kí ọwọ́ àwọn aṣòfin rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi fagi lé e ní 1986.

Àbá àwọn ẹnjiníà yẹn tó kí á dúró lé lórí, torí irú rẹ̀ ṣì ń jáde níbi púpọ̀ tí wọ́n ti fẹ́ sé odò. Èrò inú rẹ̀ ni pé ewéko tí omi kò bá bò mọ́lẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Fún ewéko yìí, irọ́ ni. Èyí tó wà lókè dáàmù ì bá kú sínú omi, èyí tó wà nísàlẹ̀ ì bá sì kú nítorí pé odò ti dákẹ́.

Ayé rẹ̀ ní bèbè odò

Ewé rẹ̀ là sí wẹ́wẹ́, ó sì tò yíká nílẹ̀. Láàárín ewé yìí ni ọ̀pá òdòdó ti ń yọ. Ó lè ga tó mítà kan, púpọ̀ nínú wọn kì í tó bẹ́ẹ̀. Òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò tó fà sí àwọ̀ ewé, ó fún pọ̀ mọ́ra lórí ọ̀pá, díẹ̀ ló sì máa ń là lẹ́ẹ̀kan náà, láti àárín oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹjọ. Oyin ńlá onírun kan tí wọ́n ń pè ní Bombus vagans ni wọ́n mọ̀ pé ó ń gbé àtíkè òdòdó náà láti ọ̀kan dé èkejì. Bí oyin yẹn bá wọ́n lọ́dún kan, irúgbìn ọdún yẹn á wọ́n.

Irúgbìn nìkan ló fi ń bí sí i. Kì í ta ìtàkùn, gbòǹgbò rẹ̀ kì í sì í hù jáde níbòmíràn láti di òmíràn. Irúgbìn náà kò ní ìyẹ́ tí atẹ́gùn lè gbé, kò ní ẹ̀gún tó lè lẹ̀ mọ́ ara ẹran. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá ń parí lọ, á bọ́ sílẹ̀, nítòsí ìyá rẹ̀ ló sì máa ń bọ́ sí. Omi odò ló lè gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ jìnnà. Ó kéré tán, ó gbà á ní ọdún 3 láti ìgbà tó bá hù kó tó yọ òdòdó àkọ́kọ́.

Àfòmọ́ abẹ́ ilẹ̀ sì ni. Ewé rẹ̀ tutù, ó ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ máa ń di mọ́ gbòǹgbò ewéko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fa omi àti oúnjẹ lára rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tí kò bá tètè rí gbòǹgbò tó lè dì mú, kò ní pẹ́ kú. Striga, ewéko burúkú tó ń gbẹ àgbàdo àti ọkà bàbà lóko lápá ọ̀dàn ilẹ̀ wa, ìdílé kan náà ni òun àti òdòdó Furbish nínú ìmọ̀ ewéko. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló fi hàn wá ìdí tí ọ̀kan fi pọ̀ jù tí èkejì fi ń parẹ́ lọ. Hóró Striga kéré bí eruku, ìdí kan ṣoṣo lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde, wọ́n sì lè sùn nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀, títí àgbàdo á fi wá bá wọn. Irúgbìn òdòdó Furbish kì í dúró pẹ́ nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Agbo tó bá kú tán níbì kan, kò sí ohun tó fi pa mọ́ sábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Àyàfi kí irúgbìn ti ibòmíràn wá.

Ilẹ̀ tó fẹ́ kò fẹ̀. Ó wà láàárín ibi tí omi ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, lórí ìdagẹ̀rẹ́ bèbè odò. Bèbè tó kọjú sí àríwá ló fẹ́ràn jù, torí pé oòrùn kì í pa á púpọ̀. Igi spruce àti fir tó wà lókè bèbè ń ṣíji bò ó, omi sì ń sun díẹ̀díẹ̀ láti inú ilẹ̀ kí ó má baà gbẹ. Ewéko tó yí i ká gbọ́dọ̀ kúrú, kó má sì dí jù.

Yìnyín ló ń jẹ́ kó kúrú. Ní Maine, odò Saint John a máa dì gbagidi nígbà òtútù. Bí ooru bá dé ní oṣù Kẹrin, odò á kún, yìnyín náà á fọ́ sí pátákó ńláńlá, omi á sì máa wọ́ wọn lọ. Bí katapílà ṣe ń fá ilẹ̀ ni pátákó yìnyín ṣe ń fá bèbè odò. Ó ń ha èèpo ara igi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó ń hú igi alder àti willow tó ti di igbó ṣúúrú. Ó ń hú òdòdó Furbish náà pẹ̀lú. Agbo kan lè lọ pátá láàárín ọjọ́ kan.

Ilẹ̀ tútù tó ṣófo tó kù lẹ́yìn yìnyín yìí gan-an ni irúgbìn tó bá dé láti òkè odò ti lè hù. Fún ọdún mélòó kan, agbo tuntun á máa pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, alder á tún padà, òjìji rẹ̀ á nípọn ju èyí tí òdòdó yìí lè fara dà lọ, agbo á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, títí yìnyín á tún fi dé. Bí yìnyín bá ń fá ibì kan lọ́dọọdún tàbí ní ọdún méjì méjì, kò sí èyí tó máa dàgbà tó ọdún 3 láti so. Bí kò bá sì dé rárá fún ọdún gbọọrọ, alder ti gba ilẹ̀ tán nìyẹn. Ohun tó ń gbé ewéko yìí ró wà láàárín méjèèjì.

Ní 1990, onímọ̀ ewéko kan, Eric Menges, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ewéko yìí, tí àwọn onímọ̀ ìdáàbòbò ẹ̀dá ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Ó fi ìṣirò hàn pé agbo kọ̀ọ̀kan kò ní pẹ́ láyé, bó ti wù kí wọ́n ṣọ́ ọ tó. Ìyè ewéko náà lápapọ̀ dúró lórí bóyá agbo tuntun ń dìde kíákíá tó bí àwọn àtijọ́ ṣe ń kú. Láti inú èyí la ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ ètò ìdáàbòbò kì í fẹ́ gbọ́: bèbè odò tí kò sí ẹyọ òdòdó kan lórí rẹ̀ lónìí ni ilé tó máa gbé lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Kíkà á, àti àṣìṣe inú kíkà á

Ọ̀pá òdòdó ni wọ́n ń kà. Ewé tó tò sílẹ̀ máa ń sá pamọ́ sáàárín koríko, ẹni méjì lè ka ibì kan náà kí iye wọn má sì bára mu, ṣùgbọ́n ọ̀pá tó ti yọ òdòdó hàn ketekete. Ìgbà tó dára jù ni láti ìparí oṣù Keje sí àárín oṣù Kẹjọ. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé odò, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rin bèbè fúnra rẹ̀. Kí ẹni tó ń kà máa gba ìsàlẹ̀ rìn, kó máa wo òkè. Ẹni tó bá rin orí ìdagẹ̀rẹ́ á tẹ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù mọ́lẹ̀, á sì ya ilẹ̀ tútù náà lulẹ̀.

Iye nìkan kò tó láti kọ sílẹ̀. Kí wọ́n kọ gíga alder, ìwọ̀n ilẹ̀ tó ṣì ṣófo, ibi tí bèbè ti ya, àti bóyá igi òkè ṣì wà. Kí wọ́n wo ọgbẹ́ tí yìnyín dá sí ara igi, kí wọ́n sì wọn gíga rẹ̀ láti ojú omi. Ọgbẹ́ yẹn ló ń sọ ibi tí yìnyín dé kẹ́yìn. Kí wọ́n wá àwọn ewé kéékèèké tí kò tíì yọ ọ̀pá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kíkà wọn kò ní péye. Agbo tó ní ọgọ́rùn-ún ọ̀pá òdòdó tí kò ní ọmọ kankan nílẹ̀, tí alder sì ti ga dé èjìká, arúgbó ni. Agbo tó ní ogún tí ọmọ kún ilẹ̀ rẹ̀ sàn jù ú lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni láti fi ọdún kan dájọ́. Ọdún tó bá tẹ̀ lé ìgbà tí yìnyín fá bèbè púpọ̀, iye á já wálẹ̀, ìwé ìròyìn á sì kọ ọ́ pé òdòdó ń parẹ́. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí nǹkan rọ̀ wọ̀ọ̀, iye á gòkè, wọ́n á sì sọ pé ó ti yè bọ́. Nínú ètò ìmúbọ̀sípò tí ìjọba àpapọ̀ tún kọ fún ewéko yìí ní 1991, wọ́n fi 7,000 ọ̀pá òdòdó ṣe òdiwọ̀n, wọ́n sì ní ìpíndọ́gba ọdún 6 ni kí wọ́n máa wò. Irú ìpíndọ́gba tí wọ́n yàn ni èyí tí ọdún burúkú kan ń fà wálẹ̀ ju bí ọdún rere kan ṣe ń gbé e sókè lọ. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn, torí bí ewéko ṣe ń dín kù gan-an nìyẹn.

Ohun mìíràn wà tí ojú kò lè kà. Ní 1987, àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò ohun àjogúnbá inú ewéko náà láti agbo tó yàtọ̀ síra, wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Bí àrùn tàbí ooru tuntun bá wá tí ọ̀kan kò lè fara dà, ó ṣòro láti retí pé ẹnì kejì rẹ̀ á fara dà á.

Ibi tí ìṣòro ti ń wá báyìí

Igi òkè bèbè ló kọ́kọ́ yẹ ká sọ. Lápá ìsàlẹ̀ odò ní agbègbè Aroostook ní Maine, oko pòtétò, ilé àti ọ̀nà ti sún mọ́ omi. Bí wọ́n bá gé igi láti lè máa rí odò láti ojú fèrèsé, oòrùn á gbẹ bèbè, àgbàrá òjò á máa ṣàn láti oko wá, gbòǹgbò tó di ilẹ̀ mú á jẹrà, bèbè á sì ya. Ẹlòmíràn á wá kó òkúta jọ sí bèbè rẹ̀ kí odò má baà jẹ ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ olówó rẹ̀ ni, a ò lè bínú sí i, ṣùgbọ́n ibi tí òkúta bá bò, òdòdó Furbish kò ní hù níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni yìnyín kò ní ilẹ̀ tó máa fá.

Lápá Kánádà, dáàmù ti wà lórí odò náà ní Grand Falls láti àwọn ọdún 1920, wọ́n sì kọ́ òmíràn sí Beechwood ní àwọn ọdún 1950. Apá odò tí dáàmù bá ti sọ di adágún, ìdàgẹ̀rẹ́ tó ń rọ̀ tó sì ń gbẹ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ojú ọjọ́ tó ń yí padà ló le jù, torí kò sí ìwé àdéhùn tí èèyàn lè bu ọwọ́ lù tó máa dá a dúró. Gbogbo ètò ayé ewéko yìí wà lórí ìgbà òtútù tó dúró déédéé àti yìnyín tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí òjò bá ń rọ̀ láàárín ìgbà òtútù, yìnyín á fọ́, á lọ, á tún dì, á tún fọ́, á sì máa fá ibì kan náà léraléra. Ní ọdún mìíràn á tín-ín-rín débi pé kò ní lè hú alder kankan. Ìkún omi ńlá náà wà: ní 2008, odò Saint John kún wọ ìlú Fort Kent nígbà tí òjò bá ìrì dídì tó ń yọ́ pàdé. Ẹ̀ẹ̀kan irú rẹ̀ kì í pa ewéko yìí run. Tó bá di pé ó ń tẹ̀ léra, kò ní sí àyè ọdún 3 tó nílò.

Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kúkú gbìn ín sínú ọgbà. Gbòǹgbò tó ti di mọ́ ti ẹlòmíràn kò ṣeé hú láìjá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i gbọ́dọ̀ hú òun àti aládùúgbò rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ tó pọ̀, kó sì tún rí bèbè tó ní òjìji, ìsun omi, ewéko kúkúrú àti oyin tó yẹ. Bó bá tilẹ̀ rí gbogbo rẹ̀, yìnyín lè dé lọ́dún tó ń bọ̀. Pípa irúgbìn mọ́ sí ibi tútù dára fún ọjọ́ ìṣòro. Kò lè rọ́pò odò.

Òfin àti ilẹ̀

Lábẹ́ òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ewéko kò ní ààbò tí ẹranko ní. Ẹni tó bá ni ilẹ̀ lè hú òdòdó tó wà nínú ìwé náà lórí ilẹ̀ ara rẹ̀, bí òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò bá kà á léèwọ̀, àyàfi tí owó tàbí ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ bá wọ ọ̀rọ̀ náà. Púpọ̀ nínú bèbè odò yìí ní Maine ló sì wà lọ́wọ́ àwọn aládàáni. Torí náà ìdáàbòbò gidi ti wá láti ọ̀nà rírà àti àdéhùn. Èyí tó tóbi jù ṣẹlẹ̀ ní 1998, nígbà tí The Nature Conservancy, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹ̀dá àti ilẹ̀, ra nǹkan bíi 185,000 éékà igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè odò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ International Paper. Apá òkè rí ìtura nítorí ìyẹn: igi òkè bèbè wà níbẹ̀, odò sì ń ṣe bó ṣe fẹ́.

A gbà pé ìyípadà 2023 bá ìtumọ̀ òfin mu. Dáàmù Dickey-Lincoln ti lọ, apá òkè odò ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ewéko náà máa parẹ́ lọ́la. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni kí àwọn tó ń pín owó rí i gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ti parí, nígbà tí apá ìsàlẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Lórí odò kan náà, Kánádà ṣì kà á sí ẹ̀dá tó wà lẹ́nu ìparun bí wọ́n ti kà á láti 1980, nítorí díẹ̀ ló kù sọ́dọ̀ wọn, dáàmù sì ti gba ibẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ilẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú: kí wọ́n sàmì sí gbogbo bèbè tó kọjú sí àríwá, tó ní ìsun omi àti igi lókè, yálà òdòdó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á lọ bá onílẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó sọgbà yí òdòdó ká tàbí kó máa bomi rin ín. Nǹkan mẹ́ta ni kó wà nínú ìwé àdéhùn, èyí tó máa de ẹni tó bá ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú: kó má gé igi òkè bèbè, kó má da òkúta sí i, kó má sì la ojú àgbàrá láti oko rẹ̀ sí orí rẹ̀. Bí yìnyín bá wá fá ibẹ̀ kanlẹ̀, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má gbin koríko sí i.